Èso Kò Gbọdọ̀ Jáde ní Géètì Wa

Ilé wa ní Tarrawil, létí odò Murray,
Ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù Kejìlá.

Lefteris ọmọ mi, ìwọ tí o ń jẹ́ orúkọ bàbá ọkọ mi,

Ṣé dáadáa ni o jí, ṣé ara rẹ le? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Anthoula ọmọ ọmọ mi ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun bí ọmọ ènìyàn, àbí ó ṣì ń fi ṣíbí wọ́n ọbẹ̀ sára ògiri? Ní tèmi, mo wà láàyè, mo wà ní pípé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó máa ń yọ mí lẹ́nu nígbà òtútù ti dákẹ́ látìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé, ó ń rìn bí ẹni tí kò ṣẹ̀ mí rí. Mo máa ń bẹ Ìyá Olúwa nítorí yín láràárọ̀ kí n tó fẹnu kan kọfí, pàápàá jù lọ nítorí àpótí irin tó ń fà yín lọ sókè ilé yín yẹn. Kí okùn rẹ̀ má já. Kí iná má lọ nígbà tí ẹ bá wà nínú rẹ̀. Kí ó má rẹ ẹni tó ń fà á láti òkè láéláé. Àmín.

O ti sọ fún mi pé kí n yéé kọ lẹ́tà, kí n máa tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù tí o rà fún mi. Mo gbọ́, ọmọ mi, mi ò ṣorí kunkun. Ṣùgbọ́n ṣé o mọ̀ pé báńkì ti kó sínú fóònù náà? Nígbà tí wọ́n ti báńkì ìlú wa pa, ọmọbìnrin tó máa ń jókòó lẹ́yìn gíláàsì ló gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́ síbí, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó dá a padà, ó ní, Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, báńkì yín ti wà nínú eléyìí. Báwo ni ọkàn mi ṣe fẹ́ balẹ̀? Gbogbo owó tí èmi àti bàbá rẹ rí nídìí kíká èso àjàrà lóko olóko àti lóko tiwa títí ẹ̀yìn wa fi tẹ̀, òun ló wá wà nínú nǹkan tí kò tó ègé búrẹ́dì kan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọ́jú rẹ̀ sínú agolo ìyẹ̀fun, mo sì ń gbé òkúta lé ìdérí. Tí o bá pè mí tí mi ò tètè dáhùn, má ṣàníyàn, ìyẹ̀fun ni mò ń gbọ̀n dànù kí ó má bàa ba owó jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà. Mi ò fẹ́ máa fi ọ̀rọ̀ ilé dí báńkì lọ́nà.

Ọgbà wa ńkọ́, ìyẹn ni wàá bi mí. Ọgbà wa ti ya wèrè lọ́dún yìí. Tòmátì ti ga jù mí lọ, mo ní láti nà gan-an kí n tó lè so orí rẹ̀ mọ́ igi, èso rẹ̀ ṣì tutù, ṣùgbọ́n mo rí ọ̀kan tó ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí etí ọmọ tí wọ́n fà létí. Ẹ̀wà ti gun kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ tó bàjẹ́ nì, ó ti kọjá ìjókòó, ó ti di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, bó bá ń bá a lọ báyìí, ó lè gùn ún lọ sí ọjà. Elégédé wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé kò ṣeé fi sílẹ̀ rárá, tí o bá kọ ẹ̀yìn sí i kí o lọ mu omi, kí o tó dé ó ti tó apá alágbẹ̀dẹ. Efinrin tó wà nínú àwọn agolo òróró lẹ́nu ọ̀nà ń ta sánsán, ẹni tó bá fi ẹ̀wù kàn án kọjá, wọ́n á mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ilé mi ló ti ń bọ̀. Ọ̀pọ̀tọ́ ti yọ ọmọ. Láàárọ̀, tí mo bá ṣí omi sáàárín àwọn ebè, ilẹ̀ á mí kanlẹ̀ bí àgbàlagbà tó bọ́ bàtà, èmi náà á sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ife kọfí mi, inú mi á máa dùn láìnídìí.

Ṣùgbọ́n ọba gbogbo wọn ni igi ápíríkọ́tì Manolis bàbá rẹ, èyí tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. O mọ̀ pé lẹ́yìn tí a sin bàbá rẹ, kò so rárá lọ́dún tó kọjá, mo sọ fún ara mi pé òun náà ń ṣọ̀fọ̀ ni. Lọ́dún yìí èso rẹ̀ pọ̀ ju ewé rẹ̀ lọ. Wọ́n pọ́n rúsúrúsú bí pupa ẹyin, wọ́n ṣù mọ́ra wọn débi pé ẹ̀ka ń ké kíì bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Mo fi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan tó ti kán ti ẹ̀ka kan, mo fi igi tí o fi ń gbá bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì nílé ìwé ti èkejì. Àwọn odídẹrẹ́ aláyà pupa ti ń ṣèpàdé lórí wáyà iná láràárọ̀, wọ́n ń pín in láàárín ara wọn bí ogún.

Àárín ayọ̀ yìí ni eṣinṣin dé.

Lọ́jọ́ náà mò ń bó ẹ̀wà lọ́wọ́ ni fóònù ké nínú agolo bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Mo yọ ọ́, mo gbọ̀n ọ́n, mo rí àwòrán ìlú wa lójú rẹ̀, wọ́n fa ìlà pupa roboto yí i ká, ilé wa sì wà nínú rẹ̀ gbọn-in. Mo kọ́kọ́ sáré jáde lọ wo òrùlé bóyá ó ń jóná. Kò jóná. Mo wá jókòó, mo fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, o mọ̀ pé èdè ìjọba wọn kì í yá lójú mi. Ohun tí mo rí kà ni pé wọ́n ti rí eṣinṣin tó ń yé ẹyin sínú èso nínú ọgbà kan ní Tarrawil, àti pé ohun yòówù tó bá ti inú ọgbà wá kò gbọdọ̀ kọjá géètì títí ìjọba yóò fi sọ̀rọ̀. Lefteris, inú ọgbà ni mo ti ń bọ̀ nígbà tí mo kà á. Inú ọgbà ni mo máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Mo wo ara mi, ewé tòmátì wà nínú irun mi. Mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

Mo ti géètì. Mi ò jáde lọ ra búrẹ́dì, mo ṣe é nílé. Lọ́jọ́ Ìsinmi mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo lọ dúró nídìí géètì níbi tí mo ti lè gbọ́ agogo, mo ń kọ orin tí mo mọ̀ pé wọ́n ń kọ lọ́hùn-ún. Beryl Hoskin, aládùúgbò wa tí odi pákó nìkan là láàárín wa, rí mi níbẹ̀. Ó ní, Stamatia, kí ló ṣe ọ́ tí o múra tán tí o wá dúró síbẹ̀ bíi màlúù tó ń dúró de ẹni tó máa fún wàrà rẹ̀? Mo ní ìjọba ní kí n má jáde. Ó ní kí ni mo ṣe. Mo ní eṣinṣin ni. Ó wò mí títí, ó ní, Ṣé ìwọ wá ni eṣinṣin náà? Mo ní kí ó má fi mí ṣẹ̀sín, kí ó má sì sún mọ́ odi, mi ò fẹ́ kó ràn án. Láti ọjọ́ náà, orí ọkọ́ ló ń gbé wàrà àti ìwé ìròyìn lé láti nà á sí mi. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń gbé e wá. Bàbá Nektarios àlùfáà wa ránṣẹ́ pé ṣé ara mi ò yá ni. Mo ní ara mi yá, òfin ló dè mí.

Fóònù tún ní kí n kọ orúkọ mi kí wọ́n lè rán ẹni tó máa wá wo ọgbà. Mo kọ ọ́. Ló bá ní kí n jẹ́rìí sí i pé èmi kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì. Ọmọ mi, ó dùn mí díẹ̀. Obìnrin tí wọ́n bí tí wọ́n sì rì bọmi ní erékùṣù Lemnos, tó bímọ, tó sin ọkọ, òun ni wọ́n ń bi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fara balẹ̀. Ó wá gbé àwọn àwòrán wẹ́wẹ́ síwájú mi, ó ní kí n mú àwọn èyí tí iná ojú pópó wà nínú wọn. Ìwọ náà mọ̀ pé kò sí iná ojú pópó kankan ní Tarrawil, oríta kan ṣoṣo la ní, ọwọ́ la sì fi ń júwe fún ara wa. Mi ò fẹ́ purọ́ fún ìjọba, mi ò mú ìkankan. Ó ní mo kùnà. Mo tún un ṣe tinútinú, ó tún ní mo kùnà. Beryl ló bá mi jẹ́rìí níkẹyìn, mo na fóònù sí i láti orí odi, ó kígbe sínú rẹ̀ pé, Ènìyàn ni obìnrin yìí, mo ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí irun orí wa ṣì dúdú. Ó tún fi ìka tẹ̀ ẹ́ níbì kan. Mo gbà pé ohùn rẹ̀ ni wọ́n gbọ́, torí pé ní ọjọ́ kejì ẹni náà dé.

Tahlia Rigney lórúkọ rẹ̀, ọmọ ọmọ Rigney tó máa ń gbé ẹja odò wá fún bàbá rẹ. Ó wọ bàtà ńlá, ó fi fìlà bojú, ó kí mi dáadáa. Mo bá a sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, mo bi í pé ọjọ́ wo ni màá dòmìnira. Ó ní, Màmá, ta ló dè yín? Mo fi ọ̀rọ̀ inú fóònù hàn án. Ó kà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí korobá mi. Ó ní èso ni, Màmá, èso tútù ni kò gbọdọ̀ jáde, kì í ṣe ẹ̀yin, ẹ̀yin lè lọ sí ibikíbi tó bá wù yín, kí ẹ ṣáà má kó tòmátì sápò. Mo sọ fún un pé ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn kò pẹ́ lẹ́nu wa. Ó ní òun gbọ́dọ̀ wo èso wa, àti pé tí òun bá bá ìdin kan ṣoṣo nínú rẹ̀, wọ́n máa já gbogbo èso orí igi náà sínú àpò dúdú, wọ́n á sì kó o lọ sin. Ó já ọ̀kan, ó fi ọ̀bẹ là á. Ó já òmíràn. Mo dúró tì í, mo di aṣọ ìdáná mi mú lọ́wọ́ méjèèjì, mi ò mọ̀ pé mo ti ń bá igi náà sọ̀rọ̀ lédè wa, mò ń sọ pé, Manolis, tí o bá wà níbẹ̀, dá ọwọ́ ìdin náà dúró. Tahlia ń là, ó ń gbé e sójú oòrùn, ó ń sọ ọ́ sínú korobá. Nígbà tó ṣe, ó nu ọ̀bẹ nù mọ́ ṣòkòtò, ó ní, Ó mọ́, Màmá. Ó mọ́ bí omi. Ó so pàkúté kékeré kan rọ̀ sórí ẹ̀ka, ó ní òun á máa wá wò ó. Ó ní èyí tí a bá sè lè jáde, èyí tí ènìyàn bá jẹ nínú ọgbà kò burú, ṣùgbọ́n èyí tó bá jábọ́, kí n ṣà á kíákíá kí n dì í sínú ọ̀rá, torí ibi tó bá ti ń rà ni eṣinṣin ń wá.

Ó dára, mo ní mo gbọ́. Àmọ́ ìwọ mọ bí a ti máa ń ṣe é. Èso ilé wa kì í ṣe tiwa nìkan rí. Beryl ní tirẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ní tirẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ní tiwọn, ọlọ́pàá tí kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni máa ń gba ti Manolis. Nísinsìnyí afẹ́fẹ́ gbígbóná wá láti aṣálẹ̀, gbogbo igi náà pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sè é ní jáàmù títí ṣúgà fi tán nílé. Mo sè é ní àdídùn tí a máa ń fi ṣíbí bù fún àlejò títí ìgò fi tán. Mo jẹ ẹ́ títí inú mi fi bẹ̀ mí. Síbẹ̀, bí mo bá kó èyí tó bọ́ sílẹ̀ sínú ọ̀rá, kí n tó nàró, òmíràn á ti lù mí lórí. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú mo jókòó sábẹ́ rẹ̀, mo ń di èso dáadáa tí ẹnu kankan kò kàn sínú ọ̀rá dúdú bí ẹni ń di òkú, ojú mi sì kún. Mo rántí ìwé títa ilé tí o fi ránṣẹ́ sí mi, tí o fi ìlà sí ibi tí mo máa fọwọ́ sí. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ yìí kò kúkú jẹ̀bi, kí ni obìnrin kan ṣoṣo fẹ́ fi igi tó tó báyìí ṣe? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lọ wá bíróò. Òótọ́ ni mò ń sọ fún ọ.

Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, mi ò tètè dìde. Bí mo ti jókòó síbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Tahlia tún sọ sí mi lọ́kàn, pé èyí tí ènìyàn bá jẹ nínú ọgbà kò burú. Mo yọ fóònù, mo pè é. Mo ní, Ọmọ mi, tí èso kò bá gbọdọ̀ tọ ènìyàn lọ, ṣé ènìyàn lè tọ èso wá? Ó ní, Ó lè wá, Màmá, kí kóró ṣáà kù síbẹ̀.

Mo ní kí n sọ fún Beryl. O ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di bọ́tìnì mú kí ènìyàn sọ̀rọ̀, kí ohùn rẹ̀ sì fò lọ bá ẹni tó fẹ́. Mo dì í mú, mo sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́ ṣe ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ní, Beryl, ó tó gẹ́ẹ́, èso yìí ń pa mí lọ. Má jẹun rárá láàárọ̀ Sátidé, wá jẹ ẹ́ lórí igi. Wọ ṣòkòtò rẹ tó ti ya nídìí nì, torí omi rẹ̀ á kán sí ọ lára. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti ní ẹnu, mú un dání.

Ọmọ mi, mi ò mọ ohun tí mo tẹ̀. Beryl fi ọkọ́ gbá odi wa gbàgbàgbà, ó ní ọ̀rọ̀ náà kò wá sọ́dọ̀ òun nìkan, ó lọ sínú ẹgbẹ́ orí fóònù tí gbogbo ará Tarrawil wà, èyí tí ìwọ fọwọ́ ara rẹ kó mi sí. Ó ní gbogbo ìlú ti wá mọ ìdí òun. Ó bínú dé ìrọ̀lẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ó dé, ó ní aago mélòó ni kí òun gbé àga wá.

Ní Sátidé, mo ṣílẹ̀kùn ilé ìdáná, mo rí wọn lẹ́nu géètì, wọ́n tò dé ìdí ilé Beryl. Àwọn tí mo mọ̀ àti àwọn tí mi ò mọ̀. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, àwọn àgbàlagbà tó di ọwọ́ ara wọn mú. Gbogbo wọn ló wọ ṣòkòtò tó ya nídìí. Wọ́n rò pé bí mo ṣe fẹ́ kí wọ́n múra nìyẹn. Ọlọ́pàá wọ èyí tó ya, ìyàwó ẹni tó ń ta òògùn wọ èyí tó ya, Bàbá Nektarios kò ní ṣòkòtò tó ya, ó wọ ẹ̀wù àlùfáà rẹ̀ àtijọ́ tí kòkòrò ti jẹ. Mo wo ìdí ìlú yìí látòkè délẹ̀, mo rẹ́rìn-ín débi pé mi ò lè ṣí géètì, Beryl ló ṣí i.

Wọ́n jẹ ẹ́, Lefteris. Wọ́n jẹ ẹ́ bí wọ́n ti ń já a, omi rẹ̀ ń ṣàn dé ìgúnpá. Ọlọ́pàá gun igi, ó ń ju èso sílẹ̀, àwọn obìnrin ń fi síkẹ́ẹ̀tì gbà á. Wọ́n bá mi ṣẹ́ ẹ̀wà, wọ́n bá mi já elégédé, wọ́n sọ iyọ̀ àti wàràkàṣì sí kùkúńbà, wọ́n jókòó lórí ebè jẹ ẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì. Àwọn kan gbé ṣúgà àti ìgò wá, a gbé ìkòkò ńlá tí a fi ń se àjàrà kalẹ̀ láàárín ọgbà, a sè jáàmù ní gbangba. Tahlia dúró nídìí géètì, ẹni tó bá fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ tú àpò. Ó bá kóró lápò ọmọdé, ó bá èso odindi kan nínú apá ẹ̀wù Bàbá Nektarios. Bàbá ní ó ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀ nígbà tí òun ń gbàdúrà fún igi. Tahlia ní kí ó jẹ ẹ́ níṣojú òun, ó sì jẹ ẹ́.

Ìgbà náà ni mo rí Sotiris Vamvakas lóde géètì.

O lè má rántí rẹ̀. Oko rẹ̀ àti tiwa pààlà nígbà tí a ṣì ní oko. Òun àti bàbá rẹ dà bí ìka méjì lọ́wọ́ kan, títí di ọdún tí odò fà, tí wọ́n ń fi òfin pín omi fún àgbẹ̀. Manolis ní Sotiris ṣí omi sí oko ara rẹ̀ lákòókò tiwa, Sotiris ní irọ́ ni. Wọ́n sọ ohun tí ọkùnrin kì í kó padà sẹ́nu. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí a ń sin bàbá rẹ, ẹ̀yìn ọgbà itẹ́ òkú ló dúró sí, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, kò wọlé.

Bó ṣe dúró náà nìyẹn lọ́jọ́ Sátidé. Mo lọ bá a. Ó ní, Ìyàwó Manolis, ọ̀rọ̀ kan wọ inú fóònù mi, mi ò mọ̀ bóyá ó ṣìnà ni. Mo ní ohun tí mo sọ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹnu. Ó ní òun ní ẹnu. Mo wò ó, ṣòkòtò tó wọ̀ jẹ́ tuntun, èyí tó máa ń wọ̀ lọ sí ìgbéyàwó, ó sì ya nídìí. Ọmọ mi, kì í ṣe pé ó gbó. Ó fi àlùmọ́gàjí gé e ni.

Mo ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu.

Kò lọ síbi tí àwọn ènìyàn wà. Ó lọ tààrà sí ìdí igi, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ wá ojú àpá kan tó wà nísàlẹ̀ igi náà, ibi tó wú díẹ̀. Èmi mọ ojú àpá náà. Kí ìjà tó dé, ara igi tirẹ̀ ni wọ́n ti gé ẹ̀ka kan, wọ́n wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi kékeré tí bàbá rẹ gbìn, Sotiris fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀já dì í. Ó dìde, mo já èso kan fún un. Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, Stamatia, igi tèmi kú ní ọdún tí odò fà. Ó ní, Mo rò pé mi ò ní tọ́ ọ wò mọ́ láyé. Lẹ́yìn náà ó ní kí n má bínú, òun kò ṣí omi náà. Mo ní mo mọ̀. Mo ní Manolis náà mọ̀ nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù lójú rẹ̀. Sotiris fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní omi èso ló ta sí òun lójú. Beryl tó wà nítòsí fún un ní aṣọ ìnuwọ́, ó ní kí ó jókòó, kí ìdí rẹ̀ má bàa gba atẹ́gùn. Ó rẹ́rìn-ín. Mo ti gbàgbé bí ẹ̀rín rẹ̀ ṣe rí.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, kò sí èso lórí igi mọ́ àyàfi ṣónṣó orí tí a fi sílẹ̀ fún àwọn odídẹrẹ́. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Kóró kún korobá bámúbámú. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń bi mí pé, Màmá, igi píìṣì yín tó kù yìí ńkọ́, ìgbà wo ni èso rẹ̀ máa pọ́n? Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má tíì rán ṣòkòtò wọn.

Nípa ìwé tí o fi ránṣẹ́, Lefteris, mo ti kà á, mo sì lóye rẹ̀, ó wà lára ìwọ̀nba ohun tí mo lóye lọ́dún yìí. Mi ò ní fọwọ́ sí i. Má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ ṣe é, o ò fẹ́ kí ìyá rẹ máa dá gbé. Lọ́dún tó kọjá mo dá gbé lóòótọ́, mi ò sọ fún ọ bó ti rí, kí oorun rẹ má bàa dàrú. Lọ́dún yìí mi ò dá gbé. Mo gba yàrá tí ẹ kùn fún mi, ẹ ṣeun, màá wá sùn nínú rẹ̀ nígbà òtútù tí ilẹ̀ bá sinmi, bí ẹ bá lè fi àtẹ̀gùn gbé mi gòkè dípò àpótí yẹn.

Ọ̀rọ̀ kù díẹ̀. Owó ṣúgà ti tán lọ́wọ́ mi, àwọ̀n tí màá fi bo igi píìṣì ti já, mo sì fẹ́ ìdérí ìgò tuntun. Wá nǹkan díẹ̀ fún mi. Má rán an, mú un wá fúnra rẹ nígbà Kérésìmesì, kí o sì mú Anthoula dání kó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ já tòmátì. Ẹ má jẹun lọ́nà.

Kí Ọlọ́run bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ohun tí o bá gbìn, kí o rí i kó so, kí o sì rí ẹni bá ọ jẹ ẹ́. Kí òjò rẹ má pẹ́ jù, kí oòrùn rẹ má mú jù. Kí ọmọ rẹ ṣe fún ọ bí o ti ń ṣe fún mi, kí ó sì dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Sotiris ló ń ti géètì wọlé yìí, ó ti gé igi méjì tó la ẹnu lórí bí àmúga tí a máa fi ti ẹ̀ka píìṣì, mo sì ti gbé kọfí kaná. Ó rí i pé mò ń kọ̀wé, ó ní ta ni. Mo ní ìwọ ni. Ó dúró pẹ̀lú igi náà léjìká, ó ní kí n bi ọ́ bóyá àgbélébùú wúrà kékeré nì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Bàbá rẹ kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ Sotiris nínú ilé wa, ìdí nìyẹn tí o kò fi mọ̀. Òun ló rà á fún ọ. Òun ni bàbá ìsàmì rẹ, apá rẹ̀ ni o wà nígbà tí wọ́n gbé ọ jáde nínú omi tí o ń ké. Mo sọ fún un pé kò tíì kúrò lọ́rùn rẹ rí. Tí o bá ń bọ̀, fi í síta ẹ̀wù, kí ó lè rí i láti ẹnu géètì.

Èmi ni ìyá rẹ,
Stamatia.